Ojú Tí Ṣọlá Fọ́tò Ń Wá

Ẹ má dá àwọn ará Òdòdé ní Ìdànrè níbí lóhùn bí wọ́n bá sọ fún yín pé orí Ọlọ́runṣọlá ti dàrú. Orí rẹ̀ pé pérépéré. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wá. Happiness, ìyàwó rẹ̀, kú nígbà tí ọmọ wọn ṣì ń rá kòrò nílẹ̀, ọkùnrin yìí tó jẹ́ pé fọ́tò yíyà niṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ẹyọ fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ náà lè fi mọ ojú ìyá tó bí i. Gbogbo wàhálà rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó fẹ́ kí Ẹniọlá ọmọ rẹ̀ mọ ojú ìyá rẹ̀. Ẹni tí èyí bá pa lẹ́rìn-ín, kó wá bá èmi Ìyá Stephanie nídìí máṣíìnì mi, kí n fi àlùmágàjí bá a gé ẹnu rẹ̀ kù sí ìwọ̀n tó yẹ.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi àti sítúdíò Ṣọlá jọ fara ti ara wọn létí títì, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín wa. Bó bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo ń kí i pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Etí mi ló gbọ́ ọ, ojú mi yìí náà ló sì rí i.

Ṣọlá Fọ́tò là ń pè é. Àkúrẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo fíìmù, tí wọ́n ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn. Ó sin ọ̀gá rẹ̀ títí, ó gba fírídọ̀mù, wọ́n wúre fún un, ó padà sílé wá ṣí sítúdíò. Kò pẹ́ tí ayé fi yí. Kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé, kọ̀ǹpútà dé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba Àkúrẹ́ lọ nítorí pé fọ́tò ti ọ̀hún ń dán, ó sì ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Sítúdíò Ṣọlá gbẹ. Eṣinṣin nìkan ló ń wọlé, eṣinṣin kì í sì í ya fọ́tò.

Ó wá ra kọ̀ǹpútà tokunbo kan, àwọn ọmọ kan ní Àkúrẹ́ bá a fi Fótóṣọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe sínú rẹ̀. Ta ni yóò wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Àwọn ọmọ náà ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, kó máa gbálẹ̀ kó sì máa ra oúnjẹ fún ọ̀gá bí ọmọ iṣẹ́ tuntun. Ọkùnrin tó ti gba fírídọ̀mù! Ẹni tí wọ́n ti wúre fún níṣojú ẹbí àti ará kì í tún padà lọ sin ọ̀gá, àgàgà ọ̀gá tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ṣọlá ní ikú yá jẹ̀sín. Ó lọ ra ìwé.

Ìwé náà nípọn bíi Bíbélì. Orí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ létí ọjà ní Àkúrẹ́ ló ti rà á, láàárín àwọn ògbólógbòó ìwé. Èèpo rẹ̀ ti ṣí, àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ti ya lọ. Bóyá ẹnì kan ti fi wọ́n di ẹ̀pà, èmi ò mọ̀. Àárín gbólóhùn ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi hàn án pé ìwé rẹ̀ kò lórí. Ó ní kò sí wàhálà, pé níbẹ̀rẹ̀ ìwé, ìkíni àti ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti àwọn òbí ló máa ń wà níbẹ̀, bíi ti ìwé ètò ìsìn ìkórè wa. Ojú ewé àárín ló wúlò fún òun. Mo gbà fún un, torí èmi náà kì í ka ibẹ̀.

Happiness ló ń ka ìwé ọ̀hún fún un. Ọmọ Aládé ni, ó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, Gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ga, ó dúdú, ó lẹ́nu bíi tèmi. Ìdí nìyẹn tí a fi rẹ́. Lójoojúmọ́, bí iná bá wà tàbí bí epo bá wà nínú jẹnẹrétọ̀, Happiness á kà, á túmọ̀, Ṣọlá á máa tẹ̀ ẹ́.

“Ó ní kí o lọ sókè, lápá òsì.”

“Kò sí níbẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀. Ìwé ló sọ ọ́.”

“Happiness, mo ní kò sí níbẹ̀! Ṣé ìwé ló ń wo kọ̀ǹpútà ni, àbí èmi?”

Ìwé náà ti pẹ́ ju èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà lọ, ohun tí ìwé ní ó wà lókè ti kó lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á wá nǹkan kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Bí wọ́n bá rí i, Happiness á pariwo pé “A ti rí i o!”, èmi náà á fi oníbàárà sílẹ̀ lọ wò ó. Àwọn ohun tí ìwé náà ń kọ́ni! Bí a ṣe ń yọ pupa kúrò lójú ajá. Bí a ṣe ń yọ yìnyín kúrò lórí òrùlé. Mo la ohùn láti ọ̀dọ̀ tèmi pé yìnyín wo ló bọ́ ní Ìdànrè tí wọ́n fẹ́ yọ.

“Ìyá Stephanie, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ sílẹ̀ jọ̀ọ́,” Happiness dáhùn. “Ta ló mọ̀ bóyá ó máa bọ́ lọ́la?”

Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, tọkọtaya, nínú ìwé tí kò lórí. Inú mi ń dùn sí wọn nígbà náà.

Iṣẹ́ tó wá gbé sítúdíò dìde ni pósítà òkú. Bí arúgbó bá kú níbi tiwa, pósítà ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mọ́ òpó iná, mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Ṣùgbọ́n inú oko kòkó lọ̀pọ̀ àgbà wa ti lo ayé wọn, wọn kò jókòó fún fọ́tò rí. Àwọn ọmọ á wá mú pásípọ́ọ̀tù kékeré kan wá, ojú ìyá wọn nínú rẹ̀ á dàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀, bùbá rẹ̀ á ti ya léjìká. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ kí Màmá wọ léèsì. Kí Màmá wé gèlè. Kí Màmá jókòó bí ìyá ọlọ́mọ. Ṣọlá lọ wo ìwé, ó rí i pé wọ́n kọ́ni bí a ṣe ń gé orí ẹnì kan kúrò nínú fọ́tò kan láti fi lé ara ẹlòmíràn. Orí ti wà. Ara wo ni yóò lò?

Ara Happiness ni.

Èmi ni mo yá a ní léèsì tó wà lára ògiri mi, èyí tí mo rán fún àpẹẹrẹ. Ó wọ̀ ọ́, ó wé gèlè, ó jókòó sórí àga níwájú aṣọ funfun, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ṣọlá yà á. Ó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi ohun tí ìwé pè ní kálàmù fa ìlà yí ọrùn ìyàwó rẹ̀ ká, díẹ̀díẹ̀, ó yọ orí rẹ̀ kúrò, ó gbé orí ìyá olóògbé síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ òkú rí i, wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀. Wọ́n ní, “Ìyá wa rè é! Bó ṣe yẹ kó rí láyé nìyí!” Láti ọjọ́ yẹn, a ò rímú mí. Wọ́n ń wá láti Òdòdé, láti Aládé, láti Owena. Happiness wọ léèsì, ó wọ àǹkárá, ó wọ sùtánà funfun fún àwọn ìyá ìjọ tó jẹ́ Aládùúrà. Bí a bá jọ ń rìn lọ lójú títì, á nawọ́ sí ògiri, á ní, “Ẹ wò mí, Ìyá Stephanie, mo ti pé àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ti fi ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àtọ́mọdọ́mọ sáyé lọ.” Ìyá kan nínú ìjọ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí wọ́n máa fi ara alààyè gbé orí òkú. Happiness fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ara òun ló ń jẹ́ kí ọkọ òun ríṣẹ́ ṣe.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ rè é. Bí Ṣọlá bá ti gbé orí òkú lé e tán, yóò tẹ séèfù kí iṣẹ́ náà lè wà nípamọ́. Orí fọ́tò Happiness gangan ló ń séèfù rẹ̀ sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fọ́tò tí orí Happiness wà nínú rẹ̀ lọ nìyẹn, kò sì lè padà wá mọ́. Ìwé kò kìlọ̀ fún un, tàbí kí n ní ibi tí ìwé ti kìlọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kọ̀ǹpútà náà kò láyè nínú, ó ń kún bí àpò garí. Bó bá ti kún, Ṣọlá á pa fọ́tò ilé rẹ́ kí ti oníbàárà lè ráyè: Happiness níbi tó ti ń bá ọmọ ṣeré, Happiness níbi tó ti ń jẹ àgbàdo. Mo gbọ́ tí Happiness ń bá a jà lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń pa fọ́tò òun rẹ́.

“Kí ni mo fẹ́ fi fọ́tò orí ṣe?” ni Ṣọlá wí, ẹ̀rín ń pa á. “Orí ọ̀hún wà lọ́rùn rẹ nílé. Mo lè yà á nígbàkúùgbà.”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rẹ́rìn-ín sí i. Olúwa ò!

Ní àsìkò tí kòkó ń wọlé, Happiness fi Ẹniọlá sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ní òun fẹ́ sáré lọ kí ìyá òun ní Aládé. Òjò ti rọ̀, títì ń yọ̀. Ọ̀kadà tó gùn kọlu lọ́rì tó ru kòkó. Ẹni tó gbé e kò kú. Happiness kú síbẹ̀. Fóònù rẹ̀ tí fọ́tò díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fọ́ yángá, táyà lọ́rì gorí rẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn mi nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi, mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde, mo kàn ń fi ọwọ́ gbá ìdí ọmọ náà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń rẹ̀ ẹ́ sùn, bẹ́ẹ̀ ó ti sùn tipẹ́.

Ẹni tó bá kú tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, a kì í tẹ pósítà fún un. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n á sáré sin ín, wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ojú oórì ọmọ, wọ́n á sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbi tí ojú ìyá lè tó. Ìyẹn ni kò fi sí ẹni tó béèrè fọ́tò Happiness lọ́jọ́ tí à bá fi tètè mọ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti ṣe pósítà fún gbogbo Ìdànrè kò ní pósítà kankan láti ṣe fún un.

Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ọmọ́yẹlé, Màmá Aládé là ń pè é. Àgbẹ̀ kòkó ni, Happiness nìkan ló kù fún un nínú ọmọ tó bí. Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà wá sílé Ṣọlá, ó yọ fọ́tò ìgbéyàwó lára ògiri, ó kó álíbọ́ọ̀mù, ó kó gbogbo èyí tí Happiness ti yà láti kékeré, tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀ ní Aládé, mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ló ti dáná sun wọ́n. Ó ní, “N kò fẹ́ ojú tí yóò máa wò mí, tí n ó pè é tí kò ní jẹ́.” Ta ló fẹ́ dá abiyamọ lẹ́kun? Kò sí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo bi Ṣọlá léèrè pé ṣé yóò jẹ́ kó kó gbogbo rẹ̀ lọ ni.

“Ẹ jẹ́ kó kó o, Ìyá Stephanie,” ló wí. “Bó bá lè tù ú nínú, kó jó o. Tèmi wà nínú kọ̀ǹpútà.”

Ìyá náà sì rèé, ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀rẹyìn ni pé, “Oní-fọ́tò ni ọkọ rẹ̀. Mo ní gbogbo ohun tó bá wọ́n ọn láyé, ti fọ́tò ìyàwó rẹ̀ kò lè wọ́n ọn.” Ọkọ fọkàn tán ìyá, ìyá fọkàn tán ọkọ, ọmọ wá wà láàárín láìní nǹkan kan.

Ó pẹ́ kí Ṣọlá tó lè ṣí àwọn fọ́tò náà. Ọjọ́ tó ṣí wọn, mo gbọ́ kílíkì, kílíkì, kílíkì, ó wá dákẹ́. Ó wá pè mí, ohùn rẹ̀ kò jọ ti ènìyàn: “Ìyá Stephanie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.” Orúkọ Happiness ló kọ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí àkọ́kọ́: ara Happiness, léèsì mi, ojú ìyá oníyàá. Ó ṣí èkejì: ọwọ́ Happiness pẹ̀lú òrùka rẹ̀, ojú ìyá ìjọ kan tó ti kú. Ó ṣí i títí. Gbogbo àwọn arúgbó Ìdànrè jókòó sórí ọrùn ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń wò wá.

Mo bínú. Mi ò lè pa á mọ́ra, inú bí mi dé ibi tí omijé fi ń bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ṣọlá, o gé orí Happiness! O gé orí ọmọ ọlọ́mọ!” Ó gbé orí tirẹ̀ lé tábìlì, ó ń sunkún bí ọmọdé, ìbínú mi sì yọ́ dànù, mo dì í mú, mo ń sunkún bá a.

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ Àkúrẹ́. Wọ́n ní ohun tí wọ́n bá ti tẹ nǹkan mìíràn lé lórí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yọ mọ́. Ó wá àwọn tó bá Happiness jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó wá ọ̀gá tó ya ìgbéyàwó wọn. Ọ̀gá ti kú, fíìmù rẹ̀ ti bá omi lọ. Káàdì ìdìbò ńkọ́? Happiness kò gbà á rí, ó ní òṣèlú kò kan òun. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Ṣọlá rí nínú fọ́tò ìkórè ìjọ: Happiness wà lẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn aláṣọ funfun, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fìlà ẹnì kan bo ojú rẹ̀. Etí kan àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀ ló hàn.

Lẹ́yìn náà ló tún lọ ra ìwé mìíràn. Tuntun ni lọ́tẹ̀ yìí, tó ní èèpo, tó ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kà á fún un mọ́, òun àti díkíṣọ́nárì ló kù. Ó gbé e wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó fi ìka lé ojú ewé àkọ́kọ́, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: kí o tó fọwọ́ kan fọ́tò kankan, kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o sì fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́.

“Iwájú ni wọ́n kọ ọ́ sí, Ìyá Stephanie,” ló wí. “Iwájú gan-an ló wà.”

Mo ní kó jókòó jẹun. Kò jẹun.

Ẹniọlá ń dàgbà nínú sítúdíò. Bó bá ti ilé ìwé jẹ́léósinmi dé, á na ẹ̀yìn sórí àga, á máa wo àwọn pósítà tí bàbá rẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ mọ́ ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní màmí, òun náà fẹ́ mọ tirẹ̀. Mo ń gbọ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ mi nígbà tó béèrè.

“Dádì, èwo ni màmí mi nínú wọn?”

Mo fi ẹsẹ̀ dá máṣíìnì dúró. Kí ni bàbá rẹ̀ fẹ́ wí? Gbogbo wọn ni ìyá rẹ̀, láti ọrùn wá sísàlẹ̀. Ọmọ náà tún ọ̀rọ̀ sọ, ó ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé èyí ni, ṣé èyí ni? Ṣọlá ní kò sí nínú wọn, pé òun ṣì ń tún tirẹ̀ ṣe lọ́wọ́. Ọmọ ní ṣé yóò pẹ́. Ó ní kò ní pẹ́.

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ ohun tí àwọn ará ìlú fi ń pè é ní wèrè. Ìwé tuntun náà ní ibi tí ó ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ògbólógbòó fọ́tò ṣe, bí a ṣe ń fi ohun tó kù kún èyí tó ti jẹrà. Ó fi etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú fọ́tò ìkórè ṣe ìpìlẹ̀. Ó ya ojú Ẹniọlá, ó sọ ẹyinjú rẹ̀ di ti àgbà. Ó gba àgbọ̀n lára fọ́tò Màmá Aládé, ó tẹ́ ẹ kó má hunjọ. Imú ló ń wá lójú títì, tó fi ń tẹjú mọ́ àwọn obìnrin títí ọkọ ẹnì kan fi fẹ́ gbá a létí. Bó bá ti ṣe díẹ̀, á kan pákó mi: “Ìyá Stephanie, ṣé báyìí ni imú rẹ̀ ṣe rí?” Màá lọ wò ó. Màá ní kó dín in kù. Lọ́jọ́ kejì màá ní kó fi kún un. Ẹ gbà mí, ohun tó dùn mí jù ni pé bí mo ṣe ń wo àwọn ojú wọ̀nyẹn, ojú ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lọ́kàn mi. Mo rántí ohùn rẹ̀, mo rántí èébú tó máa ń bú mi, ṣùgbọ́n bí mo bá dijú báyìí kí n rí i, èyí tí Ṣọlá ń ṣe ni mo ń rí. Mo sọ fún un pé mi ò wò ó mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mí sílẹ̀.

Ó parí rẹ̀ láìsí mi. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi sínú férémù. Ojú obìnrin tó rẹwà ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ara Happiness ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú léèsì mi. Kó tó fi han ẹnikẹ́ni, Ẹniọlá wọlé láti ilé ìwé, ó rí i lórí tábìlì, ó ju báàgì sílẹ̀. “Màmí!” Ó gbá férémù náà mọ́ra, ó fi ẹnu kan gíláàsì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ ìkórè, Màmá Aládé wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Sùtánà ìjọ ló wọ̀, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Ṣọlá dọ̀bálẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà, kò dìde bọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ojú ló ń ti òun. Ó ní, “Ọmọ mi, mo ṣe ohun tí kò dáa. Mo jó gbogbo rẹ̀. Báyìí, bí mo bá jí, n kì í rí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́. Fún mi ní ẹyọ kan nínú tìrẹ.” Èmi náà ti wọlé wá kí i, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Kí Ṣọlá tó ríhun sọ, Ẹniọlá ti sáré gbé férémù náà wá fún un.

Ó gbà á. Ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́ ọn. Ó wo apá òkè, ó wo ọwọ́ tó wà lórí itan. Ó pẹ́ lórí ọwọ́ náà. Ó tún padà sójú. Ó wá gbójú sókè wo Ṣọlá, kò bínú, ó kàn ń béèrè bí ẹni tí wọ́n fi àlejò hàn.

“Ó rẹwà o. Ta nìyí?”

Háà! Ṣọlá wólẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọmọ náà ló dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyá àgbà, ó ń rò pé ó ń fi òun ṣeré ni.

“Màmí mi ni! Ẹ̀yin náà, ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́?”

Màmá Aládé wo ọmọ náà. Ó gbé férémù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fa ọmọ náà mọ́ra.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Báwo ni n kò ṣe ní mọ ọmọ mi? Òun ni. Òun gan-an ni.”

Ó ní kí Ṣọlá tẹ ẹyọ kan fún òun náà, kó tóbi. Ó gbé e lọ sí Aládé, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà di ọjọ́ tí wọ́n sin òun náà. Lọ́jọ́ tó wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ yẹn, èmi ni mo sìn ín dé ibi tó ti wọ mọ́tò. Kò bá mi sọ ju gbólóhùn kan lọ: “Ìyá Stephanie, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń tán lọ yìí.”

Ẹniọlá ti ń múra láti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Bàbá rẹ̀ ṣì ń lọ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ya ìgbéyàwó àti ìkórè nígbà náà, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun tú àpótí wọn wò, ọmọ náà kò sì mọ ohun tó ń wá. Gbogbo ẹni tó bá wọ sítúdíò ló ń wo fọ́tò, tó ń wo ọmọ, tó sì ń sọ pé, “Áà, o jọ ìyá rẹ o! Ẹyinjú yìí, tirẹ̀ náà ni!” Inú ọmọ náà á dùn, á gbójú wo férémù. Èmi á tẹ máṣíìnì mi kíkankíkan kí n má baà gbọ́ ohun tó fẹ́ fi dá wọn lóhùn.